Ẹ Má Jẹ́ Kí Àwòrán Ọkàn Dá Ọwọ́ Tó Ń Tẹ Àyà Dúró

Ẹ̀yin ará ilé mi ní Tchaourou, ní Tchatchou, ní Bétérou, ní Kika, ní Goro, ní Sanson àti ní Alafiarou, àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Cotonou, ní Èkó tàbí lókè òkun, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni mo bá wá lónìí. Ó kan ẹni tó ṣubú lójijì tí ọkàn rẹ̀ kò lù mọ́. Ó tún kan ẹ̀rọ skáàn, èyí tí àwọn dókítà ọ̀dọ̀ wa ń pè ní ẹ̀kógíráfì, tí wọ́n fi ń wo ọkàn láìla àyà. Ẹ̀rọ náà dára, mo sì fẹ́ kí ó pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n bí a kò bá kìlọ̀ fún ara wa nípa bí a ṣe ń lò ó nígbà tí ọkàn bá dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ohun tí a rà láti fi gba ẹ̀mí là lè di ohun tí yóò fi ẹ̀mí ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ewu náà wà. Bí ọkàn kò bá lù mọ́, ọwọ́ tó ń tẹ àyà ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ dé ọpọlọ. Skáàn lè sọ ohun tó dá ọkàn dúró fún wa, ṣùgbọ́n skáàn kì í tẹ àyà. Bí ojú gbogbo ènìyàn bá lọ síbi àwòrán, tí ọwọ́ sì kúrò lórí àyà, ẹni tí à ń wo ọkàn rẹ̀ ń kú lọ lójú wa.

Ní ọdún 1960 ni William Kouwenhoven, James Jude àti Guy Knickerbocker, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Johns Hopkins ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ jáde pé a lè tẹ àyà láti òde kí ẹ̀jẹ̀ sì máa ṣàn, láìfi ọ̀bẹ kan ara. Láti ìgbà náà ni ọwọ́ lásán ti ń jí òkú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Àmọ́ agbára rẹ̀ ní ààlà. Bí a tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ, ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tí ọkàn alára líle ń tì jáde. Ó dà bí pọ́ǹpù kànga tí a ń fi ọwọ́ fà ní abúlé: bí o bá fi í sílẹ̀ díẹ̀, omi á ti padà sísàlẹ̀, ìwọ á sì tún fà á fún ìgbà bíi mélòó kan kí omi tó dé ẹnu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni agbára ẹ̀jẹ̀ inú ara ṣe ń wálẹ̀ kíá tí ọwọ́ bá dúró, tí kì í sì í tètè gòkè padà. Ọpọlọ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 4 sí 6 ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ìdí nìyí tí òfin fi wà pé nígbà tí a bá dúró láti yẹ aláìsàn wò, ìdúró náà kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ.

Ní ìlú Baltimore yìí kan náà, ìwádìí kan jáde ní 2017. Wọ́n fi kámẹ́rà ya bí wọ́n ṣe ń jí àwọn tí ọkàn wọn dúró, wọ́n sì ka iye àkókò tí ọwọ́ fi kúrò lórí àyà. Níbi tí wọn kò ti lo skáàn, ìdúró náà jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 13. Níbi tí wọ́n ti lò ó, ó di 21. Ìwádìí mìíràn láti California, ní 2018, rí 11 níbi tí kò sí skáàn, 17 níbi tó wà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń tẹ àyà bó ṣe yẹ ń tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Nínú ìṣẹ́jú àáyá 21, ó yẹ kó ti tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 35 ó kéré tán. Gbogbo ìyẹn ló ṣòfò nítorí pé ẹnì kan ń wá ibi tí àwòrán yóò ti hàn dáadáa.

Àwọn dókítà tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ṣẹ́ ni àwọn tí ìwádìí méjèèjì yìí wò, nínú ilé ìwòsàn tí iná kì í kú. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹ jẹ́ ká ro ilé ìtọ́jú kan ní apá ọ̀dọ̀ wa, ní agogo méjì òru, tí nọ́ọ̀sì kan àti olùrànlọ́wọ́ kan ṣoṣo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ Tchaourou ló fẹ̀ jù nínú gbogbo 77 tó wà ní ilẹ̀ Benin, ilẹ̀ rẹ̀ lé ní 7,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Láti Tchaourou dé Parakou súnmọ́ 60 kìlómítà lórí títì ọ̀dà, ọ̀nà oko sì wà tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá nígbà òjò. Bí àwọn méjì yìí bá ní láti yan láàárín kí wọ́n di orí skáàn mú àti kí wọ́n tẹ àyà, kí wọ́n tẹ àyà. Mi ò rí ohun tí a lè fi jiyàn sí i.

Ṣé ohun tí mò ń sọ ni pé kí a ju ẹ̀rọ náà nù? Rárá o. Àwọn ohun kan wà tí skáàn nìkan lè fi hàn wá kíákíá. Ní 2016, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 20 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà jáde. Wọ́n fi skáàn wo ọkàn àwọn ènìyàn 793 tí ọkàn wọn dúró, irú èyí tí iná mànàmáná kò lè jí. Àwọn 13 péré ló padà sílé láàyè. Mo sọ iye yìí kí ẹnikẹ́ni tó ti pàdánù ènìyàn rẹ̀ má baà máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni gbogbo ènìyàn ṣe ohun tó yẹ tí ẹni náà sì kú. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí yìí, àwọn kan wà tí omi kún inú àpò tó yí ọkàn wọn ká, tí omi náà sì fún ọkàn pa. Lára àwọn tí dókítà fi abẹ́rẹ́ fa omi yìí, bíi 15 nínú ọgọ́rùn-ún ló yè. Lára àwọn yòókù, kò tó 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Iye àwọn tí wọ́n fa omi fún kéré, nítorí náà kí a má fi ṣe ìlérí fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ ọ̀nà tó là níbẹ̀ hàn gbangba.

Ọ̀rọ̀ omi inú àpò ọkàn yìí kàn wá gan-an. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń fà á jù lọ. Ẹni tó ti ń wúkọ́ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó ń rù, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, tí èémí rẹ̀ ń há bó bá dùbúlẹ̀, omi lè ti máa kó jọ yí ọkàn rẹ̀ ká láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Skáàn á fi omi náà hàn lójú ẹsẹ̀, dúdú kirimu yíká ọkàn tó ń gbìyànjú láti ṣí. Skáàn á tún fi hàn bí inú ọkàn bá ti gbẹ nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ti dà jù, bíi ti ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí ẹ̀jẹ̀ kò dá. Àwọn ohun tí a lè ṣe nǹkan sí nìyẹn.

Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì wa, ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé ìwòsàn Saint Martin ní Papanè, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Parakou, àti ẹ̀yin tí ẹ dá wà ní àwọn ilé ìtọ́jú abúlé, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Kí ọwọ́ máa tẹ àyà lọ, kí ojú máa wá àwòrán. Ẹni tó di orí skáàn mú kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń tẹ àyà, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń darí iṣẹ́, nítorí pé ẹni tó bá tẹjú mọ́ àwòrán kò ní mọ̀ bí àkókò ṣe ń lọ. Kí ó ti tan ẹ̀rọ náà, kí ó ti fi jẹ́ẹ̀lì sí i, kí ó sì ti gbé orí rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ egungun àyà, níbi tí ikùn ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹnì kejì ṣì ń tẹ̀. Kí ó wá àwòrán náà títí yóò fi rí i kí wọ́n tó dúró. Bí àkókò ìdúró bá wá tó, tí ẹ ń wò bóyá iṣan ọrùn ń sọ, kí ó tẹ bọ́tìnnì kí ẹ̀rọ ká fídíò kékeré kan sílẹ̀, kí ẹlòmíràn máa ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta sókè ketekete. Bó bá ti dé ẹẹ́wàá, kí ọwọ́ padà sórí àyà, ì báà jẹ́ pé àwòrán hàn tàbí kò hàn. Ìgbà tí ọwọ́ bá ti padà ni kí ẹ tó wo fídíò náà, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí.

Ẹ má ṣe béèrè ìbéèrè mẹ́ta lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ìdúró àkọ́kọ́, ẹ wò bóyá omi wà yí ọkàn ká. Èyí tó bá kù, ẹ jẹ́ kó di ìdúró tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì. Ẹ nu jẹ́ẹ̀lì kúrò lójú àyà, nítorí pé ọwọ́ tó ń yọ̀ kò lè tẹ̀ dé ibi tó yẹ. Bó bá sì jẹ́ irú ìdádúró ọkàn tí iná mànàmáná lè jí, tí ẹ̀rọ iná sì wà nítòsí, ẹ lo iná náà kíákíá. Skáàn kò ní ohun tó fẹ́ fi kún un lákòókò yẹn, ẹ má sì jẹ́ kí ó dá a dúró. Níbi tí kò bá ti sí ju ènìyàn méjì lọ, ẹ fi skáàn sílẹ̀ títí ẹnì kẹta yóò fi dé.

Ohun kan tún wà tó ti tan àwọn onímọ̀ jẹ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ọkàn bá ti dúró, apá ọ̀tún rẹ̀ máa ń wú fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí lè rò pé ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì fún aláìsàn ní oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀. Ewu oògùn náà pọ̀, kì í ṣe ohun tí a ń fi ìfura lásán lò. Ìgbìmọ̀ àwọn oníṣègùn Yúróòpù lórí ọ̀rọ̀ jíjí ènìyàn fi í sínú ìlànà wọn ní 2021 pé wíwú yìí nìkan kò tó ẹ̀rí. Wọ́n fi kún un pé ẹni tó mọ skáàn lò dunjú ni kó lò ó nírú àkókò bẹ́ẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fi kún ìdádúró ọwọ́.

Ibi tí ọkàn mi ti ń bàjẹ́ jù ni ti ìdájọ́ ikú. Ó rọrùn láti wo àwòrán, kí a rí i pé ọkàn kò mira, kí a sì sọ pé ó ti parí. Lóòótọ́ ni ìwádìí ọdún 2016 yẹn fi hàn pé àwọn tí ọkàn wọn kò mira rárá lójú skáàn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yè, bí 6 nínú ẹgbẹ̀rún kan. Ṣùgbọ́n 6 nínú ẹgbẹ̀rún kì í ṣe òdo. Ní 2018, wọ́n tún fi fídíò ọkàn tí skáàn ká sílẹ̀ han àwọn dókítà tó mọ skáàn, wọ́n sì bi wọ́n bóyá ọkàn ń mira. Fídíò kan náà, ìdáhùn wọn kò ṣọ̀kan. Àwọn kan rí i pé ilẹ̀kùn inú ọkàn ń mì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n kà á sí ẹ̀mí. Àwọn mìíràn kò kà á. Afẹ́fẹ́ tí a ń fún sínú ẹ̀dọ̀fóró pàápàá lè mi ọkàn tó ti kú. Nítorí náà, ẹ má fi àwòrán nìkan dá ẹjọ́. Ẹ wo iye ìṣẹ́jú tó ti kọjá, ẹ wò bóyá ẹnì kan ti tẹ àyà rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀ àti ohun tó gbé e ṣubú. Kí ìpinnu náà ti ẹnu ẹni tó rí gbogbo rẹ̀ jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe oníṣègùn, tiyín rọrùn, ṣùgbọ́n òun ló wúwo jù, nítorí pé ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ débẹ̀. Ohun tí a sábà máa ń ṣe nìyí: bàbá ṣubú lóko kaṣú, wọ́n sáré pe zẹmijan, wọ́n fi bàbá sáàárín ọlọ́kadà àti ọmọ rẹ̀, orí ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ ń wọ́lẹ̀, wọ́n sì forí lé ilé ìwòsàn ńlá nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀rọ wà. Nínú gbogbo ìrìn yẹn, ẹnikẹ́ni kò tẹ àyà bàbá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é mọ́. Kò sí ẹ̀rọ kankan ní Papanè tàbí ní Parakou tó lè dá ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn padà.

Bí ẹnì kan bá ṣubú, tí ẹ pè é tí kò dáhùn, tí kò mí tàbí tó kàn ń mí gbọ̀ọ̀gbọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun, ẹ má rò pé ó ń sùn. Irú mímí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èémí. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ líle, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ fi ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ kan sáàárín àyà, ẹ gbé ọwọ́ kejì lé e, ẹ na apá yín gbọnrangandan, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6. Ẹ jẹ́ kí àyà gòkè padà kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kíákíá, ní ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Egungun ìhà lè dún, ó sì lè ṣẹ́. Ẹ má tìtorí rẹ̀ dúró. Apá á ro yín, nítorí náà kí ẹlòmíràn gbà á lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì méjì, kí ẹnì kan sì máa pe ilé ìtọ́jú tó súnmọ́ yín tàbí àwọn panápaná lórí 118. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé, tàbí ẹni tó rì sínú odò Ouémé tàbí Okpara, ó nílò èémí pẹ̀lú: bí ẹ bá mọ bí a ṣe ń fi ẹnu fún ènìyàn ní èémí, ẹ fi kún un. Bí mọ́tò tó ní ibi títẹ́jú bá dé, ẹ gbé e wọ inú rẹ̀ kí ẹnì kan máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Bí ẹ bá sì dé ilé ìtọ́jú, ẹ má béèrè fún skáàn kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má fa nọ́ọ̀sì láṣọ pé kí ó wá fi àwòrán hàn yín. Ẹ jẹ́ kí ó tẹ àyà.

Àkókò tó dára jù láti fi skáàn wo ọkàn ni ìgbà tí ọkàn náà ṣì ń lù. Ìyá ọlọ́mọ tuntun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí kò lè sùn láìjẹ́ pé ó fi ìrọ̀rí mẹ́ta gbé orí sókè, ẹ má sọ fún un pé àárẹ̀ ìbímọ ni. Ọkàn ìyá lè rẹ̀wẹ̀sì lẹ́yìn ìbímọ, ó sì wọ́pọ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ẹ mú un lọ kí wọ́n wo ọkàn rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Bákan náà ni ẹni tó ń gba ìtọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ tí èémí rẹ̀ wá ń há, àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru láti ọjọ́ pípẹ́. Owó skáàn náà kì í ṣe kékeré fún ẹni tó ń ta iṣu, mo mọ̀. Owó ìsìnkú pọ̀ jù ú lọ.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Láti 2017 tí ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí Butterfly iQ, skáàn tó ń so mọ́ fóònù ti di ohun tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lè dáwó rà: nǹkan bí dọ́là 2,000 ni wọ́n ń tà á nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Ọkàn rere ló wà nídìí irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó rà á, ẹ bi ilé ìtọ́jú náà bóyá wọ́n ní báàgì tí a fi ń fún ènìyàn ní èémí, bóyá wọ́n ní ọmọlangidi tí wọ́n fi ń kọ́ títẹ àyà, àti ìgbà tí wọ́n kọ́ ọ kẹ́yìn. Bí ìdáhùn kò bá dára, ẹ fi owó náà ṣe ìyẹn ná. Bí ẹ bá wá ra skáàn, ẹ san owó ẹni tí yóò kọ́ wọn ní bí a ṣe ń lò ó, kì í ṣe fún ọjọ́ kan, fún oṣù mélòó kan, kí ẹ sì rí i pé wọ́n fi aago ṣe ìdánrawò ìṣẹ́jú àáyá 10 náà títí yóò fi mọ́ wọn lára. Bí owó kò bá tó méjèèjì, ẹ kọ́ wọn ní títẹ àyà, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ dúró di ọdún tó ń bọ̀.